ÌWỌ̀N OHÙN ÀTI ÌFẸNUKÒ: BÍ ÌRÒYÌN ÌTA ṢE Ń DI ÒTÍTỌ́ NÍNÚ ÀKỌSÍLẸ̀, LÁTI ÌGBÌMỌ̀ ÌJẸ̀BÚ DÉ ORÍ BLOCKCHAIN

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà òṣìkà ní í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé ẹjọ́ nìkan. Ó kan ọ̀nà tí àwùjọ ń gbà mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn tí yóò ṣe ìpinnu kò sí níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ta ni a ó gbà gbọ́? Ẹni mélòó ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́rìí? Ṣé ohùn gbogbo ẹlẹ́rìí ni ó dọ́gba? Bí kò bá dọ́gba, kí ni ó sọ ohùn kan di èyí tí ó tẹ̀wọ̀n ju èkejì lọ?

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti di tuntun ní ayé òde òní nítorí blockchain. Blockchain ni àkọsílẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jọ ń pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí a so ojú-ewé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ mọ́ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, tí kò sì sí ẹnì kan tí ó jẹ́ olórí rẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí mọ ohun tí a kọ sínú ara rẹ̀ dájú, ṣùgbọ́n kò ní ojú tí ó fi lè rí ìta. Kò mọ iye tí gààrí jẹ́ lọ́jà, kò mọ̀ bóyá òjò rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tí ó wọlé ìdìbò. Ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí ìtàn Yorùbá. Àwọn Ìjẹ̀bú fún ohùn ní ìwọ̀n nínú ìgbìmọ̀ wọn, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà sì padà fún ohùn ní ìwọ̀n. Ohun tí ìtàn méjèèjì fi hàn ni pé ìwọ̀n nìkan kò lè dáàbò bo òtítọ́. Ẹni tí ohùn rẹ̀ wọ̀n gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò pàdánù bí ó bá ṣèké, àwọn mìíràn sì gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n lè dá a dúró.

Mákùn-Omi àti ìṣòro ìròyìn ọ̀nà jíjìn

Mákùn-Omi jẹ́ ìlú etí ọ̀sà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí Abígí jẹ́ olú fún, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé, ojú omi ni títì. Ọkọ̀ ojú omi ni ó so ìlú etí ọ̀sà wọ̀nyí pọ̀ mọ́ Ẹ̀pẹ́, Ẹjìnrìn àti Èkó ní ìwọ̀-oòrùn, tí ó sì so wọ́n mọ́ ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìlà-oòrùn. Ẹni tí ó bá ń gbé irú ibẹ̀ kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí ọjà tí ó ń lọ. Kí ó tó di ẹrù sínú ọkọ̀, ó ní láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣí tàbí wọ́n ti tì í, àti bóyá ọjà wọ́n tàbí ó pọ̀.

Ọ̀nà kan tí Yorùbá fi yanjú apá kan ìṣòro yìí ni àrokò. Ẹyọ owó mẹ́fà ń sọ pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí. Ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé àwọn méjèèjì jọ wà ní ìṣọ̀kan. Àrokò dára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ó lè jẹ́ kí a mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ti wá, kò lè fi dá wa lójú pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣe pàtàkì kí akẹ́kọ̀ọ́ di ìyàtọ̀ yìí mú, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo àlàyé tí ó kù dúró lé. Mímọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí mímọ̀ pé ohun tí ó sọ ṣẹlẹ̀.

Ìtàn Mákùn tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kejì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so àwọn ará Mákùn tí ó wà ní Ṣágámù pọ̀ mọ́ Mákùn-Omi. Ní ọdún 1872 ni a máa ń kà pé àwọn ìlú Rẹ́mọ 13 kó jọ sí ojú kan tí ó di Ṣágámù. Mákùn kò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú àjọgbé yìí. Ewùsì ni oyè ọba rẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀, Akárìgbò tí ó jẹ́ ọba Òfin ni ó ń ṣíwájú. Ìlú 13 náà kò di ọ̀kan ṣoṣo, ohùn wọn kò sì dọ́gba. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni a lè pè ní àjọpinnu oníwọ̀n: agbára pín káàkiri, ṣùgbọ́n ìpín náà kò rí bákan náà.

Ìgbìmọ̀ Ìjẹ̀bú: ohùn tí kò dọ́gba

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Awùjalẹ̀ ni ọba, ṣùgbọ́n kò dá ìlú ṣe. Àwọn Ìlámùrẹ́n ni olóyè ńláńlá, Olísà sì jẹ́ àgbà pàtàkì láàárín wọn. Àwọn Pàǹpá ń gbẹnu sọ fún àwọn ọmọ ìlú tí kò sí nínú olóyè ńlá. Àwọn Pàràkòyí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọjà. Òṣùgbó, tí àwọn Yorùbá mìíràn ń pè ní Ògbóni, ni ẹgbẹ́ àgbà tí ó ń dá ẹjọ́ tí ó wúwo, tí ó sì ń fi òfin múlẹ̀. Olíwo ni olórí wọn. Apènà ni ó ń pe ìpàdé.

Nínú irú ìgbìmọ̀ yìí, a kì í ka ọwọ́ tí ó gòkè. Ọ̀rọ̀ ni a ń wọ̀n. Ohùn Olíwo kò lè rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tí ó wọlé lánàá. Bákan náà ni ó rí ní Ọ̀yọ́, níbi tí Ọ̀yọ́ Mèsì ti jẹ́ méje, ṣùgbọ́n tí Baṣọ̀run jẹ́ àgbà wọn. Ìwọ̀n yìí ní ìdí tí ó yè kooro. Ẹni tí ó ti pẹ́ lórí oyè ti rí ẹjọ́ púpọ̀, ilé rẹ̀ sì wà láàárín ìlú tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí ó bá jẹ́rìí èké, kò sí ibi tí yóò sá sí.

Ohun mẹ́ta ni ó ń ti ìwọ̀n náà lẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni ìbúra. Orí ilẹ̀ ni ọmọ Òṣùgbó ti ń mulẹ̀, Yorùbá sì sọ pé ọ̀dàlẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Oyè, orúkọ àti ẹ̀mí ẹni ni ohun ìdógò tí ó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Èkejì ni ẹdan, ère idẹ méjì, akọ àti abo, tí a fi ẹ̀wọ̀n so pọ̀ ní orí. Ibi tí a bá rán ẹdan lọ ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹnì kan ni ó ránṣẹ́, ẹgbẹ́ ni. Òwe àwọn Ògbóni pé Ògbóni méjì ó di ẹ̀ta ń tọ́ka sí i pé ẹlẹ́rìí kẹta wà tí a kò fi ojú rí. Ẹ̀kẹta ni pé ẹgbẹ́ kan kò dá gbogbo iṣẹ́ ṣe: ohun tí Òṣùgbó bá pinnu tún ní láti bá Ìlámùrẹ́n àti Pàǹpá pàdé.

Ó wọ́pọ̀ nínú ìpàdé àgbà pé kí àwọn tí ó kéré kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àgbà kádìí rẹ̀. Àwọn kan rí èyí bí ọ̀wọ̀ lásán, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí àgbà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọdé yóò kàn tẹ̀lé e ni, ẹ̀rí ẹni mẹ́wàá yóò sì di ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo.

Kò yẹ kí a fi òróró pa ètò yìí lára jù. Obìnrin tí ó wà nínú Òṣùgbó kò ju ìwọ̀nba àwọn tí wọ́n jẹ́ oyè Erelú. Ẹrú àti ìwọ̀fà kò ní ohùn. Olówó a sì máa fi owó ṣínà dé ibi oyè. Ìwọ̀n ohùn, nígbà náà, lè jẹ́ ìwọ̀n ọgbọ́n, ó sì lè jẹ́ ìwọ̀n àpò.

Ọdún 1892: nígbà tí a ṣi ìwọ̀n gbé

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìjọba Èkó àti Ìjẹ̀bú fi hàn bí ó ti léwu tó láti ṣi ìwọ̀n ohùn gbé. Ní ọdún 1891, Denton tí ó ń delé gómìnà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Wọn kò gbà fún un, Awùjalẹ̀ kò sì gba ẹ̀bùn rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú wá sí Èkó bá Gómìnà Carter. Wọ́n ṣe àdéhùn pé a ó ṣí ọ̀nà, a kò ní gba owó ibodè mọ́, ìjọba yóò sì máa san £500 fún Awùjalẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn aṣojú náà kò fọwọ́ ara wọn kan ìwé; àwọn Ìjẹ̀bú tí ó mọ̀wé ní Èkó ni ó fọwọ́ sí i dípò wọn.

Carter ka ìwé náà sí ohùn Ìjẹ̀bú lápapọ̀. Ṣùgbọ́n nílé, ohùn aṣojú kò lè rọ́pò ohùn gbogbo ìgbìmọ̀. Nígbà tí a dá ajíhìnrere kan padà lójú ọ̀nà, Carter ní Ìjẹ̀bú ti da àdéhùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Ọ̀gágun Scott darí bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn ní ọjọ́ 19, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kejì. Kò sí àní-àní pé Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀nà sí inú ilẹ̀ Yorùbá tẹ́lẹ̀, ìwé nìkan kọ́ ni ó fa ogun. Síbẹ̀, ìwé náà ni wọ́n fi ṣe àwíjàre. A kọ nǹkan sílẹ̀ bí ìfẹnukò, nígbà tí àwọn tí ó ní ìwọ̀n láti fẹnu kò kò tíì fẹnu kò. Ohun tí a kọ sílẹ̀ sì borí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àkọsílẹ̀ tí kò ní olórí

Ní ọdún 1982, Lamport, Shostak àti Pease gbé àlọ́ àwọn ọ̀gágun kalẹ̀ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwọn ọ̀gágun yí ìlú kan ká, ìránṣẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀dàlẹ̀ sì wà láàárín wọn. Wọ́n fi ìṣirò hàn pé, bí kò bá sí ọ̀nà àtimọ̀ bóyá iṣẹ́ tí a jẹ́ ti yí padà, àwọn olóòótọ́ lè fẹnu kò kìkì bí ọ̀dàlẹ̀ kò bá tó ìdá mẹ́ta gbogbo wọn. Ọ̀dàlẹ̀ kan ń fẹ́ ọ̀gágun mẹ́rin, ó kéré tán.

Àlọ́ yìí gbà pé a mọ iye ọ̀gágun. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kò mọ̀ ọ́n. Douceur fi hàn ní ọdún 2002 pé ẹnì kan lè fi ẹgbẹ̀rún orúkọ wọlé. Bí orúkọ kan bá ní ìbò kan, ẹni tí ó lè hùmọ̀ orúkọ jù ni yóò borí. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n fi padà wọlé. Ìwé tí Satoshi Nakamoto fi síta ní oṣù kẹwàá ọdún 2008 lórí Bitcoin fi agbára ìṣirò kọ̀ǹpútà ṣe ìwọ̀n, nítorí pé a lè hùmọ̀ orúkọ, a kò lè hùmọ̀ iná mànàmáná. Bitcoin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2009. Ethereum tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015 yí padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 sí lílo ohun ìdógò: ẹni tí yóò jẹ́rìí gbọ́dọ̀ fi ether 32, ó kéré tán, sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́rìí méjì tí ó takora, a ó gé nínú rẹ̀. Nígbà tí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ohun ìdógò bá fẹnu kò ni ojú-ewé kan tó di àìyípadà.

Oracle: ẹni tí ó ń mú ìròyìn ìta wá

Ètò wọ̀nyí tó fún ohun tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Fún ohun tí ó wà ní ìta, àwọn onímọ̀ dá ohun tí wọ́n ń pè ní oracle sílẹ̀. Ibi tí a ti ń wádìí lọ́wọ́ òrìṣà ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí oracle bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, a ti padà sí ẹjọ́ ẹnìkan dá. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí púpọ̀ ni a ń lò, a sì ń fi ohun ìdógò wọn ṣe ìwọ̀n ohùn wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ àfinúrò ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ẹlẹ́rìí márùn-ún ń ròyìn iye owó ìwọ̀n gààrí kan ní ọjà etí ọ̀sà. Ẹni kìíní ní ìwọ̀n 10, ó ní ₦900. Ẹni kejì ní ìwọ̀n 20, ó ní ₦1,000. Ẹni kẹta ní ìwọ̀n 30, ó ní ₦1,010. Ẹni kẹrin ní ìwọ̀n 25, ó ní ₦1,020. Ẹni karùn-ún ní ìwọ̀n 15, ó sì purọ́ pé ₦5,000 ni. Bí a bá ro iye márààrún pọ̀, tí a pín in sí márùn-ún, ₦1,786 ni yóò jáde. Irọ́ ẹnì kan ti ba gbogbo ẹ̀rí jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá to iye wọn láti kékeré dé ńlá, tí a ń ka ìwọ̀n wọn lọ, 10 yóò di 30, 30 yóò di 60. Ọ̀dọ̀ ẹni kẹta ni a ti kọjá ìdajì 100. Iye tirẹ̀, ₦1,010, ni a ó kọ sílẹ̀. Òpùrọ́ náà ìbáà sọ pé ₦50,000 ni, èsì kò ní yí padà. Kí irọ́ tó lè gorí ìtẹ́, àwọn òpùrọ́ gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì gbogbo ìwọ̀n lọ.

Ètò Flare tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022 ń lo irú ìṣirò yìí láti mọ iye owó, ó sì ń san ẹ̀san fún àwọn tí ìròyìn wọn súnmọ́ àárín. Chainlink, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Ethereum ní ọdún 2019, náà ń mú iye àárín láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí púpọ̀. Ní ti ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni tàbí bẹ́ẹ̀-kọ́, Augur tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 jẹ́ kí àwọn tí ó ní tókìn rẹ̀, ìyẹn ẹyọ owó orí ẹ̀rọ rẹ̀, fi í dógò lórí èsì tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ òótọ́. Ẹni tí ó bá wà ní apá tí ó pàdánù yóò pàdánù ohun ìdógò rẹ̀. Gbòǹgbò èrò yìí wà nínú iṣẹ́ Thomas Schelling ní ọdún 1960. Ó ní bí àwọn ènìyàn kò bá lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ bá ara wọn dọ́gba, ibi tí ó hàn sí gbogbo wọn ni wọn yóò pàdé. Òtítọ́ ni ó sábà máa ń hàn jù.

Nínú ètò UMA, a máa ń fi ìbò pa mọ́ ná, kí a tó ṣí i sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kí ẹni kékeré má baà wo ojú ẹni ńlá dìbò. Ọgbọ́n kan náà ni ti ìpàdé àgbà tí ọmọdé ti ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìwọ̀n di ẹrù

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìbéèrè kan wà lórí Polymarket, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi owó ta lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè náà ni bóyá Ukraine yóò fohùn ṣọ̀kan pẹ̀lú Amẹ́ríkà lórí àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ rẹ̀ kí oṣù kẹrin tó wọlé. Àwọn tí ó ní tókìn UMA ni ó ń dìbò lórí èsì. Wọ́n dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí a kò tíì bu ọwọ́ lu àdéhùn kankan. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni nǹkan bí ìdá mẹ́rin gbogbo ìbò náà, tí ó pín in sí orúkọ mélòó kan. Ọjọ́ 30, oṣù kẹrin ni a tó bu ọwọ́ lu àdéhùn. Polymarket kò dá owó àwọn tí ó pàdánù padà.

A kò gbọdọ̀ sáré kọjá ọ̀rọ̀ yìí. Ìbò wà, ìwọ̀n wà, ohun ìdógò wà. Kí ni kò sí? Ẹgbẹ́ kejì tí ó lè sọ pé rárá ni kò sí. Nínú ìgbìmọ̀ Ìjẹ̀bú, ohùn tí ó wúwo ní Òṣùgbó ṣì ní láti bá Pàǹpá pàdé. Níhìn-ín, owó kan náà ni ó jẹ́ ẹlẹ́rìí, tí ó tún jẹ́ adájọ́. Lọ́nà kejì, ẹni tí èrè rẹ̀ lórí tẹ́tẹ́ bá ju ohun tí yóò pàdánù nínú ìbò lọ, ohun ìdógò rẹ̀ kò dè é mọ́.

Ewu kẹta wà tí ìwọ̀n ohùn kò lè wò sàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, owó tí ó ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ jáde ní Mango Markets, nítorí pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ rà títí iye tókìn kan fi ga lójijì lọ́jà. Ohun tí ó wà lọ́jà ni àwọn oracle ròyìn. Ọjà náà gan-an ni a ti dà rú.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ ní oṣù kejì ọdún 2021 pé kí àwọn báńkì má bá oníṣòwò owó orí ẹ̀rọ da nǹkan pọ̀, ó sì tú okùn náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Òfin ìdókòwò ti ọdún 2025 ti fún irú ohun-ìní bẹ́ẹ̀ ní àyè lábẹ́ òfin. Àwọn kan ń sọ pé kí a kó ìwé ilẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí sínú blockchain, pé bẹ́ẹ̀ ni èké yóò ṣe tán. Ìtàn sọ fún wa pé kí a ṣọ́ra. Bí a bá kọ ayédèrú ìwé-ẹ̀rí sínú àkọsílẹ̀ tí kò ṣeé parẹ́, ayédèrú náà ni kò ní ṣeé parẹ́. Ibi tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wò ni ẹnu ọ̀nà: ta ni ó mú ọ̀rọ̀ wọlé, kí ni yóò pàdánù bí ó bá purọ́, ta ni ó sì lè dá a dúró? Àpẹẹrẹ gààrí òkè yìí kò fẹ́ kọ̀ǹpútà. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì tó fún un.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé fífún ohùn ní ìwọ̀n kì í ṣe àwárí ayé kọ̀ǹpútà. Ìjẹ̀bú fi oyè, ìbúra àti orúkọ ilé ṣe ìwọ̀n. Àwọn onímọ̀ òde òní fi iná mànàmáná àti owó ìdógò ṣe é. Ní ọ̀nà méjèèjì, ìwọ̀n a máa dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó fi orúkọ púpọ̀ wọlé, a sì máa sọ irọ́ di ohun tí ó wọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún 1892 àti ọdún 2025 jọ jẹ́rìí pé a lè kọ ìfẹnukò sílẹ̀ níbi tí òtítọ́ kò sí. Ohun tí ó ya Òṣùgbó sọ́tọ̀ ni pé ohun ìdógò rẹ̀ kò ṣeé rà padà lọ́jà, àti pé òun nìkan kọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ nílùú. Àwọn tí ó ń kọ́ àkọsílẹ̀ tuntun yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá wá ohun tí ó jọ méjèèjì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí kò fi àyè sílẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ òtítọ́ kí ó tó dé.